Họ́ọ̀bù Kẹ̀kẹ́ Mi àti Etí Bàbá Ìṣẹ́yìn

Nígbà tí wọ́n lu físà mọ́ ìwé ìrìnnà mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé oyè ni wọ́n ń fi mí jẹ. Mo dé London tán, mo di káfíńtà, mo di póńbà, mo di onígbàjámọ̀ àwọn ọmọ mi, láìṣe fíríìdọ̀mù kankan. Nílé ńkọ́? Bí ilẹ̀kùn bá ń ké, mo pe káfíńtà. Bí káfíńtà ò bá tètè dé, ilẹ̀kùn a máa ké títí yóò fi dé. Ohun tí mo mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ n'Ìṣẹ́yìn kò ju pé kí n gùn ún, kí n ṣubú, kí bàbá mi sì sáré wá wò bóyá kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ò fara pa.

Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, kẹ̀kẹ́ tí mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láti Peckham bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó kọ́kọ́ ń ró bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń ró bí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata gbígbẹ. Mo di ẹsẹ̀ iwájú mú, mo mì ín, ó ń yẹ̀ bí eyín arúgbó.

Mo wá ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi gba ọjọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n sì ní kí n fi dúró. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n kan wo kọ̀ǹpútà kó tó wo kẹ̀kẹ́. Ó ní họ́ọ̀bù tó wà láàárín ẹsẹ̀ ti jẹ, kí n ra odindi ẹsẹ̀ tuntun: 55 pọ́ùn owó ẹsẹ̀, 20 pọ́ùn owó iṣẹ́. Mo ní ṣé wọn ò lè tún ti tẹ́lẹ̀ ṣe ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn lè tún un ṣe o, àmọ́ wákàtí tóun máa lò nídìí ẹ̀ á wọ́n ju ẹsẹ̀ tuntun lọ.

Ẹ má bínú sí i, òótọ́ ló sọ. Ní oṣù kẹrin 2025, owó tó kéré jù lọ tí òfin ìlú yìí ní kí wọ́n san fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 di 12.21 pọ́ùn fún wákàtí kan. Nílé, láti 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ ṣẹ́ pọ́ùn kan sí 2,000 náírà, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta níhìn-ín ju ti oṣù kan lọ́hùn-ún lọ. Ọwọ́ èèyàn ló wọ́n níbí, irin ló pọ̀ bí iyanrìn. Lọ́dọ̀ tiwa, irin ló wọ́n, ọwọ́ èèyàn la kà sí iyanrìn.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo wálé. Mo pe Bàbá Oníkẹ̀kẹ́.

Bàbá yìí ló tún kẹ̀kẹ́ Raleigh bàbá mi ṣe láyé ìgbà tí bàbá mi ṣì ń ṣe tíṣà. Abẹ́ igi ọdán ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Ògbólógbòó táyà tó so kọ́ ẹ̀ka igi ni pátákó ìpolówó wọn. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló lù níbí, mẹ́sàn-án ló lù lọ́hùn-ún. Ọmọ-ọmọ wọn ló bá wọn di fóònù mú.

“Ọmọ Tíṣà! Ṣé òtútù ò tíì pa ọ́?”

“A dúpẹ́, Bàbá. Ẹ̀mí wà. Kẹ̀kẹ́ mi ni kò gbádùn.”

Mo ń múra láti ka gbogbo ohun tí onírùngbọ̀n kọ sínú ìwé fún wọn. Wọ́n dá mi dúró. “Gbé fóònù sídìí ẹ̀, kó o yí i.” Mo yí i. “Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn! Tún un yí, jẹ́jẹ́.” Mo tún un yí. Ìṣẹ́yìn dákẹ́ rọ́rọ́.

“Gíríìsì ti gbẹ. Bọ́ọ̀lù ti dá ihò sí kóònù lára. Ta ló ní kó o ra ẹsẹ̀?”

“Àwọn ṣọ́ọ̀bù ni, Bàbá.”

“Wọn ò létí ni?”

Ohun tí àgbà fi etí gbọ́ n'Ìṣẹ́yìn, èmi dì í mú lọ́wọ́ ní Peckham, n kò mọ̀ ọ́n. Bàbá wá là mí lọ́yẹ. Irin gbọọrọ kan ló gba àárín họ́ọ̀bù kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ tò yí po nínú àwo kékeré, kóònù wá tẹ̀ wọ́n mọ́bẹ̀; gíríìsì ni kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn jẹ. Òjò London àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló wọlé fọ gíríìsì tèmi lọ. Bọ́ọ̀lù ṣeé pààrọ̀, kóònù náà ṣeé pààrọ̀. Àwo yẹn ló jẹ́ ara họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀: bí ìyẹn bá jẹ, ká yáa sin òkú. Tèmi ò tíì jẹ.

Mo ra sípánà pẹlẹbẹ méjì ní 9 pọ́ùn, nítorí pé sípánà lásán ti nípọn jù fún kóònù. Kóònù jẹ́ 7, gíríìsì 5, bọ́ọ̀lù 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24 pọ́ùn. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ nínú kíṣìnì, mo tún pe Bàbá. Ẹ̀fọ́ wà lórí iná.

“Dádì, ṣé gíríìsì lẹ fẹ́ ká fi sebẹ̀ ni?”

N kò dáhùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ kì í sọ̀rọ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo fa irin àárín yọ. Nínú fóònù, Bàbá pariwo: “Ka bọ́ọ̀lù kó o tó gbé e yẹ̀!” Ó ti bọ́. Bọ́ọ̀lù ti fọ́n ká bí àgbàdo tí àpò rẹ̀ ya. Ó yẹ kí wọ́n pé ogún, mẹ́wàá lápá kan, mẹ́wàá lápá kejì, kí n lè mọ iye tuntun tí màá dá pa dà. Mo rí mọ́kàndínlógún. A wo abẹ́ fìríìjì, kò sí níbẹ̀. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ kọjá nígbà tí ìyàwó mi figbe ta, ó di gìgísẹ̀ mú.

“Wọ́n ti rí i,” ni Bàbá wí láti Ìṣẹ́yìn.

Mo nu àwo náà mọ́, mo kun gíríìsì, mo to bọ́ọ̀lù tuntun sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù láàárín wọn, ojú mi wọ ìkọkànlá. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀, pé àyè yẹn ni wọ́n fi ń mí. Dídì kóònù ló wá lágbára jù. “Bí obìnrin ṣe ń so ìró ni. Ó le jù, kò ní lè jẹun. Ó dẹ̀ jù, á tú lójú agbo.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìró mi tú. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo gbé kẹ̀kẹ́ sókè, mo jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ náà: ibi tí fáàfù wà rọra lọ sísàlẹ̀, ó kọjá, ó pa dà, ó tún lọ, bí ọmọdé lórí jangilọ́fà. Kò ró rárá.

Inú Bàbá dùn. Wọ́n ní nígbà míì kí n yáa wọ rélùwéè lọ sí Nottingham, níbi tí wọ́n ti ṣe Raleigh bàbá mi, kí n lọ fojú rí àwọn ọ̀gá iṣẹ́. Mo ní, “Bàbá, wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ yẹn pa ní 2002. Sturmey-Archer tó ń ṣe họ́ọ̀bù níbẹ̀ láti 1902 náà ti bá àwọn ará Taiwan lọ ní 2000.”

Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. “Á jẹ́ pé èmi ni mo kù.”

Mo ní ọmọ iṣẹ́ yín ńkọ́? Wọ́n ní èyí tó kẹ́yìn ti sá lọ gun ọ̀kadà kó tó ṣe fíríìdọ̀mù. Mo wá rántí pé nílùú tí mo wà yìí, àwọn akọ̀wé tó wọ kóòtù ń sanwó láti jókòó ní ìrọ̀lẹ́ kan péré, kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń di kóònù. N kò sọ ìyẹn fún Bàbá.

Mo béèrè iye tí màá fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n gbàgbé owó. Sípánà pẹlẹbẹ yẹn ló wọ àwọn lójú, nítorí pé sípánà lásán làwọn fi fáìlì há tó fi fẹ́lẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Mo ti rà á. Odindi sẹ́ẹ̀tì méjì ni: ọ̀kan fún Bàbá, ọ̀kan fún ọmọ iṣẹ́ tí wọn ò tíì ní. Ẹ̀yin ará Ìṣẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ọmọ náà.