Ìwé Atọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Wọ̀ sí Òtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó bá fẹ́ sùn kó sì jí ire ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ohun tó kàn án nínú ìwé yìí. Kó ṣí i kọjá. Ìwọ ni mo wá fún, ìwọ tí o fi ọdún gbáko tu owó jọ, tí ọwọ́ wá ń yún ọ láti sọ ọ́ nù. Ìwọ tí wọ́n ní kí o farabalẹ̀ wádìí, tí o ní ìlara ló ń ṣe wọ́n. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ta ló sọ fún wọn pé o kò fẹ́ ṣìnà?

Níbi físà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Sanwó òtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó fún ọ ní físà, kí o sì rí i pé èyí tí wọ́n kọ sí lára pé owó tó bá ti wọlé kò ní jáde mọ́ ni o mú, torí òun ló fi díẹ̀ dínwó. Bọ̀dá tó ń bá ọ kún fọ́ọ̀mù ní Ìkẹjà yóò fọwọ́ sọ̀yà pé rísíìtì òtẹ́ẹ̀lì ló ń mú kí òyìnbó gba èèyàn gbọ́. Ìwé tí ìjọba Bìrìtìkó fúnra rẹ̀ fi ṣàlàyé ohun tí àlejò yóò kó wá ti ka rísíìtì òtẹ́ẹ̀lì mọ́ àwọn ìwé tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ṣùgbọ́n kí ni ìjọba Bìrìtìkó mọ̀ nípa físà Bìrìtìkó? Bọ̀dá ló mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí, orúkọ ni kí o máa tẹ̀ lé. Ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ "London" sí lára, Lọ́ńdọ̀nù ni. Bí ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú bá ní London Luton ni òun ń lọ, tàbí London Stansted, tàbí London Southend, wọlé, kí o sì gba yàrá sí ẹ̀gbẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú náà, kí o lè sún mọ́ ààfin ọba. Bedfordshire ni Luton wà, Essex sì ni àwọn méjì yòókù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wàá kọ́kọ́ wọkọ̀ bí ẹni tó ń ti Ṣágámù bọ̀ wá sí Èkó kí o tó fojú kan afárá kankan.

Tí o bá sì fẹ́ wọ̀ sínú ìlú gan-an, máìlì ni kí o máa kà, má ka ìṣẹ́jú. Wo àwòrán ilẹ̀: Woolwich jìnnà sí àárín ìlú, Peckham sún mọ́ ọn. Ó parí! Peckham ni kí o gbà. Pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kò dé Peckham rárá, pé inú bọ́ọ̀sì lo ti máa jókòó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Old Kent Road, àfi tí o bá mọ ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye. Pé láti 2022 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Elizabeth, ẹni tó wọkọ̀ ní Woolwich máa ń sọ̀ ní Liverpool Street ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ló ti pápá ọkọ̀ òfurufú Heathrow wá. Àwọn tó ń béèrè ni gbogbo ìyẹn wà fún. (Mi ò bú Peckham o. Ibẹ̀ ni èlùbọ́ wà.)

Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú àfi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, lórí ọ̀nà márùn-ún péré. 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nítorí náà, alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni kí o jókòó síbi ìnáwó di aago méjì òru, kí òtẹ́ẹ̀lì rẹ sì wà ní òdìkejì ìlú. Onítakisí yóò ṣàdúrà fún ọ.

A wá kan ibi tí ọgbọ́n òmùgọ̀ ti ń yọ jù, ìyẹn yàrá fúnra rẹ̀. Earl's Court, Bayswater àti àyíká Paddington kún fún àwọn ilé gàgàrà funfun tí òpó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Láyé Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, fún ìdílé olówó kan àti àwọn ìránṣẹ́ wọn. Lónìí, wọ́n ti gé ilé ẹyọ kan sí yàrá wẹ́wẹ́, wọ́n gbé káńtà sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì ni. Òpó ẹnu ọ̀nà yẹn ló sì máa ń wà nínú fọ́tò. Má béèrè bóyá líìfùtù wà. Kó àpótí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílò 23 wá láti Èkó, kún wọn fún gàrí, èlùbọ́ àti aṣọ ẹbí, kí o wá gba yàrá àjà kẹrin. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ tóóró débi pé bí ìwọ àti àpótí bá ti wà lórí ẹ̀, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní láti padà sókè. Ní àjà kìíní, wàá máa rẹ́rìn-ín. Ní ìkejì, wàá bọ́ kóòtù. Ní ìkẹta, ìwọ àti àpótí á jọ jókòó, ẹ ó máa wo ara yín.

Bí àtẹ̀gùn kò bá wù ọ́, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ń bẹ. Wọn ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ aláfẹ́ kan ni wọ́n máa fún un lórí ìkànnì. Fèrèsé rẹ̀ ga, òkè fèrèsé náà sì bá ẹ̀gbẹ́ títì dọ́gba. Tí o bá ká kọ́tìnì láàárọ̀, ẹsẹ̀ lo máa rí: bàtà gogoro, bàtà ọmọ ilé ìwé, táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé, àti ajá kan tó dúró, tó ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè. Òmíràn wà tí kò ní fèrèsé rárá. Nígbà tí easyHotel ṣí ilé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Kensington ní 2005, yàrá kan wà níbẹ̀ tí kò ní fèrèsé, ẹni tó bá sì fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n máa ń sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Wọn ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni o, gbangba ni wọ́n kọ ọ́, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹni tó mọ̀ pé òun kàn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni, tó kà á, tó sì gbà á, kò ṣe àṣìṣe kankan. Òmùgọ̀ ni kì í ka ìwé dé ìsàlẹ̀, tó wá ń pariwo "wọ́n ti lù mí ní jìbìtì" ní káńtà.

Ní ti ìràwọ̀, kà á bí ẹni ń kawó. Kò sí òfin kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi dandan lé e kí òtẹ́ẹ̀lì gba ìràwọ̀. Àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn ni àwọn àjọ tó ń fún òtẹ́ẹ̀lì ní ìràwọ̀, bíi AA àti VisitEngland, máa ń yẹ̀ wò. Ìràwọ̀ tí o rí lórí ìkànnì, ó lè jẹ́ onílé ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Tí owó bá sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, òtẹ́ẹ̀lì Savoy ti ń gbàlejò létí odò Thames láti 1889, Ritz sì wà ní Piccadilly láti 1906. Olówó tó wọ̀ síbẹ̀ kì í ṣe ara wa. Ara wa ni ẹni tó sùn sí Savoy lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí fọ́tò, tó wá fi ọ̀sẹ̀ méjì tó kù sùn lórí àga ìgbàlejò ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Thamesmead.

Ọkọ̀ òfurufú tó gbéra ní Èkó lóru, àárọ̀ kùtù ló ń balẹ̀ sí Heathrow. Òtẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀, aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ló máa ń fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́. Òmùgọ̀ tó mọṣẹ́ á dé káńtà ní aago méje àárọ̀, á fọwọ́ lu káńtà, á ní, "Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́?" Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kò tíì sùn láti alẹ́ àná, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní yàrá kò tíì ṣe tán. Má jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn tàn ọ́ jẹ, kò ní ṣe tán. Ẹlòmíràn á béèrè bóyá òun lè fi ẹrù sílẹ̀, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì sì máa ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Á lọ wá oúnjẹ jẹ, á rìn gba inú Hyde Park, á padà dé nígbà tí wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ jókòó ti àpótí rẹ. Ọkùnrin ni ọ́.

Ilé onílé tí wọ́n ń fi háyà fún ọjọ́ díẹ̀ ló dùn ún lò jù fún iṣẹ́ wa. Láti 2015 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá ń fi odindi ilé rẹ̀ háyà fún àlejò ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́dọ̀ kọjá òru 90 lọ́dún kan láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí onílé bá ní kí o sọ fún aládùúgbò pé àbúrò òun ni ọ́, sọ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá sì ní kí ẹ kúrò lórí ìkànnì tí ẹ ti pàdé, kí o fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun tààrà kí òun lè bá ọ yọ díẹ̀ kúrò, òun gan-an lo ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Sanwó kíá. Má tẹ àdírẹ́ẹ̀sì ilé náà sórí Google Maps láti wo bí ojú títì ṣe rí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe lo lè bá níbẹ̀, ìyẹn á sì ba ìrìn àjò rẹ jẹ́ kí o tó gbéra.

Tó bá wá jẹ́ pé ilé náà wà lóòótọ́, dín ata. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló dára jù, kí fèrèsé wà ní títì, kí òróró gbóná dáadáa, kí ata rodo àti ẹja gbígbẹ jọ wọ inú ẹ̀. Nǹkan funfun roboto kan wà lára àjà, tó tó ọmọrí ìkòkò kékeré, tí o rò pé gílóòbù ni. Kì í ṣe gílóòbù, aago èéfín ni. Bí ilé náà bá jẹ́ irú èyí tí aago èéfín rẹ̀ so kọ́ra láti ìsàlẹ̀ dókè, kò ní pẹ́ tí gbogbo ará ilé á fi wà lójú títì pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn nínú òtútù, ìyá arúgbó kan á gbé ológbò rẹ̀ mọ́ àyà. Ìwọ nìkan lo máa mú ṣíbí lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí etí rẹ kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ ìsinmi, àwọn yunifásítì bíi LSE máa ń fi yàrá akẹ́kọ̀ọ́ háyà fún àlejò, láàárín gbùngbùn ìlú. Kò ní ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ó mọ́, ó sì sún mọ́ ọkọ̀. Gbàgbé pé mo sọ ọ́.

Má sì bi àgbàlagbà kankan tó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí. Ìtàn ni wọ́n máa sọ fún ọ. Wọ́n á ní ìgbà kan wà tí aláwọ̀ dúdú á kanlẹ̀kùn, tí onílé á ní yàrá ti tán, tí kò sì tíì tán. Wọ́n á ní Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1925. Pé láti 1929 di 1932 ló ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ń gba owó jọ, kí ọmọ Áfíríkà lè ríbi forí pamọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1933 ni wọ́n ṣí ilé náà ní Camden Road. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, Learie Constantine, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù kiríkẹ́ẹ̀tì láti Trinidad, gba yàrá sílẹ̀ fún òun àti ẹbí rẹ̀ ní Imperial Hotel ní Russell Square. Wọ́n ní òru ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n lè sùn, torí àwọ̀ wọn. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó jàre ní 1944, kóòtù ní kí wọ́n fún un ní gíní márùn-ún. 1965 ni òfin tó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì tó jáde.

Ilẹ̀kùn tí Solanke tọrọ owó kiri kó tó rí ẹyọ kan ṣí, gbogbo rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ọ lónìí, ìwọ sì yan èyí tí ajá ti ń gbẹ́sẹ̀ sókè lójú fèrèsé, torí òpó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wù ọ́.

Ó ku Àǹtí rẹ tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Má jẹ́ kó gbọ́ pé o ń bọ̀ títí wàá fi balẹ̀ sí Heathrow. Òun àti ọmọ mẹ́ta ló ń gbé yàrá méjì. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé ìtọ́jú arúgbó, ọ̀sán ló sì ń sùn. Ọ̀sán ni kí o máa pe ará ilé lórí fóònù, kí o sì pariwo dáadáa, torí Ṣakí jìnnà. Mítà tí wọ́n ń kọ́kọ́ fowó sí ni Àǹtí ń lò, bíi tiwa nílé gẹ́lẹ́. Jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlémóoru máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, kí o wá ṣí fèrèsé torí ooru ń mú ọ. Fi omi gbígbóná wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Tí Àǹtí bá fohùn pẹ̀lẹ́ bi ọ́ pé, "Ọkọ mi, ọjọ́ wo lẹ ní ẹ máa padà?", dá a lóhùn pé oṣù mẹ́fà ni físà rẹ.

Òmùgọ̀ tí mo kọ èyí fún kò ní kà á. Ó ti sanwó. Ìwọ tí o wá kà á débí, ó jọ pé o kì í ṣe tiwa. Pe Àǹtí lónìí kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bi í bóyá àyè wà, bi í ní ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ọn jù, kí o sì bi í ní ohun tó fẹ́ kí o rà bọ̀ fún òun. Tó bá ní àyè kò sí, má bínú. Béèrè òtẹ́ẹ̀lì tó dára ládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ló fi àwọn tó ṣáájú rẹ wọ̀ sí.