Oríkì Bọ̀dá Alátẹ

Bọ̀dá Alátẹ, mo kí ọ o!
A-mọ̀nà-wọlé-má-mọ̀nà-jáde,
ọkọ àbẹ́là pupa, ọkọ àbẹ́là aláwọ̀ ewé orí àtẹ iye ṣíà,
ọmọ a-fi-wàrà-wàrà-rà, ọmọ a-fi-ẹkún-tà.
Ọjà ìpín ìdókòwò Èkó kò tíì ṣí,
o ti da ìlà bo ojú fóònù rẹ:
ìlà ìpíndọ́gba iye ọjọ́ 50 rèé, ti ọjọ́ 200 rèé,
RSI tó ń wọn bí iye ṣíà ṣe ń sáré ń bẹ nísàlẹ̀, èyí tí Welles Wilder ará Amẹ́ríkà kọ sínú ìwé ní 1978.
Bó bá kọjá 70, wọ́n ti rà á jù. Bó bá wọ abẹ́ 30, wọ́n ti tà á jù.
O rí 28, o pariwo pé ó ti tó rà!
Ṣíà tí í lo odidi ọ̀sẹ̀ láìrí oníbàárà gidi,
tí ẹnì kan ṣoṣo lè ti iye rẹ̀ sókè sódò,
òun lo fa ìlà lé lórí, tí o ní àtẹ ti sọ̀rọ̀.

Àtẹ ò ṣẹ̀ ọ́ o, akọni. Ohun tí àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà ti ṣe ló ń fi hàn. Kò bá ọ ṣàdéhùn ọ̀la.

Mo rí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ, ọlọ́lá jùlọ!
Èèpo rẹ̀ le, bébà rẹ̀ funfun báláú.
O fi báírò pupa kọ ÈTÒ ÌṢÒWÒ sókè, o fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀,
ibẹ̀ lo parí ètò sí.
Iye tí wàá fi jáde bó bá já, kò sí níbẹ̀.
Iye tí wàá tà á bó bá gbéra, kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó ní 500,000 náírà, tó pinnu pé ṣíà kan kò gbọdọ̀ jẹ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó òun, 10,000 ló yọ̀ǹda fún àdánù. Bó bá ń rà ní 20 náírà, tó sì ní òun máa jáde ní 18, ṣíà 5,000 ni tirẹ̀, kò gbọdọ̀ lé ẹyọ kan. Ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ni.

Ìwọ kọ́, ọba àwọn ọlọ́kàn-akin!
O rà á ní 20, ọ̀pọ̀ owó rẹ lo kó lé e.
Ó di 18, o ní ó ń mí.
Ó di 15, o tún rà sí i.
Ó di 10, o di adókòwò ọlọ́jọ́ gbọọrọ.
Owó tó bọ́ sí ìdajì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì kó tó padà sí bó ṣe wà,
ìyẹn ò sí lórí àtẹ rẹ.

Ògbóǹtarìgì 2008, ìwọ náà ni!
Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún náà, òǹkà iye gbogbo ṣíà ọjà Èkó fò dé 66,371,
o lọ yá owó báńkì, o fi ra ṣíà.
Ní oṣù Kẹjọ, àwọn aláṣẹ ọjà náà pàṣẹ pé ṣíà kankan kò gbọdọ̀ já ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́.
Ni àwọn tó fẹ́ tà bá tò lọ rẹrẹẹrẹ, a ò rí ẹni tó fẹ́ rà.
Oṣù Kẹta tún yí po, òǹkà ti wà ní nǹkan bí 20,000.
Ó di 2023 kó tó kọjá ibi tó ti já.

Ọdún márùndínlógún! Owó ìfẹ̀yìntì àwọn kan wà nínú rẹ̀. Àwọn kan kú kí ó tó padà. Èyí ló ń dùn mí, òun ló ń mú mi kì ọ́ kíkankíkan báyìí.

Olùkọ́ àgbà, mo tún gbọ́ pé o ti ṣí kíláàsì lórí WhatsApp.
O ń kọ́ wọn ní àbẹ́là, o ń kọ́ wọn ní àwòrán orí-àti-èjìká orí àtẹ.
Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ti sanwó ìwọlé, ó ti fi owó àjọ rẹ̀ ra èyí tí o ní kó rà.
Bọ̀dá Alátẹ, iye wo lo ní kó ti jáde?