Èló Lò Ń Retí?

Ìbéèrè kan wà tó máa ń sọ Yorùbá ẹlẹ́nu dídùn di odi. Kì í ṣe ìbéèrè ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe ti àna. Obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú kọ̀ǹpútà ni yóò bi ẹ́, nígbà tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá ti ń parí lọ, tí ọkàn ẹ ti balẹ̀, tó o ti ń ro ohun tó o máa jẹ: "Owó wo lò ń retí bí a bá gbà ẹ́?" Ẹni tó ti ń ki ara rẹ̀ láti àárọ̀ á wá máa wo òrùlé. Á wúkọ́. Á ní iṣẹ́ yẹn gan-an ló jẹ òun lógún, pé owó kọ́ ló gbé òun débẹ̀. Irọ́ ni, obìnrin náà sì mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yìí ò ní ṣòro rà.

Bẹ́ẹ̀ àwa la mọ ọjà ná jù láyé. Ìyá tó fẹ́ ra ata rodo ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, á gbọ́ iye tí ọlọ́jà dá lé e, á pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè, á gé e sí ìdajì, á kẹ̀yìn bí ẹni ń lọ. Kò ní rìn jìnnà tí yóò fi gbọ́: "Ẹ máa bọ̀, ẹ wá mú un! Torí pé ẹ̀yin ni o." Ọmọ ìyá yìí kan náà ló wà ní Peckham, ní London, tó ń ná ẹran ewúrẹ́ lọ́wọ́ alápatà tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, tí alápatà sì ti mọ "kò gbà" sọ bí ọmọ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó dá iye lé dìgírì méjì, ìrírí ọdún mẹ́wàá àti orí pípé tí Ọlọ́run fún un, ẹnu ẹ̀ á dí.

Lóòótọ́, ọjà náà dojú rú díẹ̀. Ní Bódìjà, ọlọ́jà ló mọ iye tó ra ata. Ní ọ́fíìsì, ìwọ lò ń tà, àmọ́ ẹni tó fẹ́ rà ló mọ gbogbo nǹkan. Iye tó lè san ti wà nínú ìwé ètò ìnáwó wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó kàn ń wò ó bóyá ìwọ fúnra ẹ máa já a wálẹ̀ fún un ni. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń béèrè. Kọ "a lè jọ sọ ọ́" síbẹ̀, iná pupa á tàn: nọ́ńbà nìkan ni fọ́ọ̀mù ń gbà. Mo mọ ọkùnrin kan tínú bí, tó kọ 1. Fọ́ọ̀mù kí i pé ó ṣeun, ó sì gbé e lọ sí ojú ewé tó kàn. Bó o bá sì kẹ̀yìn sí wọn bí ìyá aláta, kò sẹ́ni tó máa pè ẹ́ padà. Lẹ́tà kan ló máa tẹ̀lé ẹ, tí wọ́n á ti gbàdúrà fún ẹ pé iṣẹ́ mìíràn á wá.

Àwọn bàbá wa ò mọ ìyọnu yìí. Iṣẹ́ ìjọba ni púpọ̀ nínú wọn ṣe, ìjọba kì í sì í bi òṣìṣẹ́ léèrè ohun tó ń retí. Ìgbìmọ̀ ló ń jókòó lé owó oṣù. Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, ló ṣolórí èyí tó jókòó ní 1970 sí 1971. Jerome Udoji ló ṣolórí èyí tó tẹ̀lé e, tí owó rẹ̀ balẹ̀ ní 1975 pẹ̀lú owó oṣù mélòó kan tí ìjọba jẹ sẹ́yìn. Ẹni tí ò retí kọ́bọ̀ gbowó gọbọi, ó ra alùpùpù, ó ra fíríìjì. Ọlọ́jà gbọ́ pé Udoji ti dé, òun náà fowó lé ọjà. Láti ìgbà náà ni Level, ìyẹn ìpele iṣẹ́, ti ń sọ̀rọ̀ fún òṣìṣẹ́, láti 1 dé 17, bí ẹ bá yọ 11 tí kò sí nínú ìwé: ẹni tó bá kúrò ní 10, 12 ló ń lọ. Owó lè má tó, ṣùgbọ́n wọn ò ní bi ẹ́ ní ìbéèrè tó máa mú ẹ làágùn. Àwọn nọ́ọ̀sì wa ní Ìlú Ọba náà ń gbádùn irú àlàáfíà yìí. Band 5 ni nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba wọn, iye rẹ̀ sì wà níta gbangba. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi wá rẹ́rìn-ín lóde àríyá.

Iléeṣẹ́ aládàáni l'Ékòó ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Níbẹ̀, ọ̀gá ló ń béèrè, ìdáhùn sì ti wà nílẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́: "Ohunkóhun tí ẹ bá rí, sà." Àwa tá a wà lókè òkun máa ń fi ìdáhùn yìí ṣẹ̀fẹ̀, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ ti wẹ̀yìn, ó ti rí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró de àyè òun. Ó mọ̀ pé láti July 2024, ₦70,000 lóṣù ni òfin ní kí owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù jẹ́, ó mọ̀ pé wọ́n ti sọ ti àgùnbánirọ̀ di ₦77,000, ó sì mọ̀ pé iléèwé aládàáni tó wà ládùúgbò òun ò tíì gbọ́ nípa ìkankan nínú méjèèjì. Ó ń sọ "ohunkóhun" nítorí pé ohunkóhun sàn ju òfo lọ. Bó bá tiẹ̀ láyà, tó dárúkọ iye, wọ́n lè ní kó lọ mú ìwé owó oṣù ibi tó ti ń bọ̀ wá, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n ń fún un níbẹ̀, kí wọ́n fi díẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n bá ti rẹ́ jẹ níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti gba sàtífíkéètì ìrẹ́jẹ nìyẹn, tí yóò máa gbé kiri.

Ìlú New York ti fòfin de èyí. Láti òpin October 2017, agbanisíṣẹ́ níbẹ̀ ò gbọdọ̀ béèrè iye tó ò ń gbà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di November 2022, wọ́n tún ní kí iléeṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin máa kọ ibi tí owó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí sínú ìpolówó iṣẹ́. Inú àwọn ará wa tó wà níbẹ̀ dùn. Kò pẹ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ ìnáwó ńlá kan gbé iṣẹ́ kan síta, owó rẹ̀ láti òdo dọ́là dé mílíọ̀nù méjì dọ́là. Wọ́n ní àṣìṣe ni, wọ́n sì tún un ṣe. Èmi gbà wọ́n gbọ́. Àmọ́ mo mọ àwọn ọ̀gá kan nílé tí wọn ò ní rí àṣìṣe kankan níbẹ̀, torí pé láti òdo làwọn náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Manchester láti Ìkẹjà. Wọ́n bi í, ó sì fìgboyà dáhùn: ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ pọ́n-ùn. Kẹ́kẹ́ pa. Owó tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́ lóṣooṣù ló ní lọ́kàn, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ nílé. Owó ọdún kan gbáko ni wọ́n gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn wá rọra béèrè bóyá iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ló ń wá.

Lókè òkun, owó ọdún ni wọ́n ń pè, kí ìjọba tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ní £32,000, má tíì jó. Ìjọba ò ní fọwọ́ kan £12,570 àkọ́kọ́. Nínú ìyókù, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún owó orí, ìdá mẹ́jọ lọ fún National Insurance. Ohun tó kù fún oṣù kan lé díẹ̀ ní £2,200, owó ìfẹ̀yìntì ò sì tíì yọ tiẹ̀, onílé ò tíì kanlẹ̀kùn. Ní gbogbo àkókò yìí, ará ilé ti gbé fóònù, ó ti fi náírà sọ £32,000 di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, ó ti fi kọ́ ilé alájà méjì, ó sì ti ń bínú pé o ò fi ohunkóhun ránṣẹ́ lọ́dún Iléyá.

Ní ti ẹni tó ń wá físà iṣẹ́ Skilled Worker ti Ìlú Ọba, ìbéèrè náà ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, iye tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa san gbéra láti £26,200 lọ sí £38,700 ní April 2024. Ní July 2025, ó di £41,700. Ẹ̀kọ́ ilé ní kó o sọ pé ohunkóhun, Home Office ní ohunkóhun ò sí nínú ìwé àwọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i nìyẹn tí ìjọba ń fipá mú àjèjì kó béèrè owó púpọ̀. Agbanisíṣẹ́ gbọ́ iye ọ̀hún, ó ní òun máa pè ẹ́. Títí di òní, fóònù ò dún.

Ìmọ̀ràn ò wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi, láti Abẹ́òkúta: "Má dárúkọ owó o, wọ́n á ní ojú ń kán ẹ." Ẹ̀gbọ́n mi: "Ìlọ́po méjì ni kó o pè é." Ṣùgbọ́n àǹtí kan wà ní Croydon tó ta léèsì ní ọjà Balógun l'Ékòó kó tó wá sí Ìlú Ọba, òun ni mo fara mọ́. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní inú òun á dùn láti mọ iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ó wà láàárín £34,000 sí £40,000. Ó ní òkè yẹn ló bá ìrírí òun mu. Ó wá dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn gan-an niṣẹ́. Ní Balógun, bí oníléèsì bá ti dárúkọ iye tán, á fa aṣọ mìíràn, á máa ká a, kò ní wojú ẹ mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló máa fi owó kún owó. Ní Croydon, àǹtí ò rí aṣọ ká, ó bá ń to àwọn ìwé tó wà níwájú ẹ̀. Ọkùnrin òyìnbó tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ò lè fara dà á. Ó ní £39,000 ńkọ́. Àǹtí béèrè owó ìfẹ̀yìntì, ó béèrè ọjọ́ tí òun á máa ṣiṣẹ́ láti ilé, ó béèrè ọjọ́ ìsinmi, torí ó mọ̀ pé 28 tí òfin là sílẹ̀ fún ọdún kan, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, ó ní kí wọ́n ṣáà fi ènì sí i. Wọ́n fi ọjọ́ ìsinmi méjì kún un.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ pè é láti Ìjẹ̀bú-Òde láti bá a yọ̀.

"Èló ni wọ́n wá ń fún ẹ báyìí, ọmọ mi?"

"Ẹ ṣáà máa bá wa dúpẹ́, sà."

"A dúpẹ́ o. Ó tó mílíọ̀nù mélòó lóṣù?"

"Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò dáa rárá. Mi ò gbọ́ yín mọ́ o."