Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kápítéènì Ọ̀túnla

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ti gbé ìròyìn kiri Bàrígà, láti Ládi-Lák dé Ìlàjẹ, pé ilé iṣẹ́ bàálù ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé aṣọ funfun ti wà lọ́rùn rẹ, pé ìlà mẹ́ta ló wà léjìká rẹ. A bá a jó, a bá a yọ̀, a sì jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ìyẹn tán.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ìlà kẹrin. Mo gbọ́ pé o ti ń bi àwọn ọ̀gá rẹ léèrè ìgbà tí wọn yóò gbé ọ lọ sí àga òsì. Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Níbi ìnáwó àdúgbò tó kọjá, onílù pè ọ́ ní Kápítéènì. Mo ń retí kí o sọ pé "Igbákejì ni mí o." Owó lo lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Kò burú. Onílù kò mọ̀ pé ẹni tó ń jókòó sápá ọ̀tún nínú bàálù kì í ṣe ọ̀gá. Ìwọ mọ̀.

Kí n má parọ́ mọ́ ọ: o mọ bàálù wà. Ilé ẹ̀kọ́ òfúrufú ti Zaria tí o ti jáde, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ eré. Ibẹ̀ ni Chinyere Kalu, obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bàálù ní Nàìjíríà, ti kọ́ṣẹ́ kó tó padà wá di ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó gba irú ìwé àṣẹ rẹ ló ṣì wà nílé láìríṣẹ́. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ gbé gègé ni kánjúkánjú.

Òfin àgbáyé ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ̀gá nínú bàálù akérò ńlá ti pé ọmọ ọdún 21, kó sì ti fò fún wákàtí 1,500. O há iye yìí sórí ju oríkì rẹ lọ. Ṣùgbọ́n wákàtí ju wákàtí lọ. Èkó sí Àbújá kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Bí o bá ń lọ tí o ń bọ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí ojú ọ̀run mọ́, iye náà á pé, ìwé rẹ á kún, o ò sì tíì rí nǹkan kan. Wọ́n ní ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Mo mọ èsì tí o máa fọ̀: ìwọ ò gun igi, bàálù lo gùn. A ti gbọ́.

Wo àwọn atẹ̀wé wa ní Ṣómólú. Láàárín oṣù díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó já fáfá ti lè tan ẹ̀rọ, ó ti lè to bébà, ó ti lè po yíǹkì. Síbẹ̀ ọ̀gá kì í fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún un, nítorí kò tíì láyà láti pa ẹ̀rọ nígbà tí àwọ̀ bá ń ṣì, tí oníbàárà sì dúró lé e lórí pé òun fẹ́ kó ẹrù òun báyìí-báyìí. Iṣẹ́ kápítéènì nìyẹn gan-an: kó mọ ìgbà tí a kì í lọ.

Ro ó wò. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti bo Ìkẹjà mọ́lẹ̀. Èrò ti wà níkàlẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀. Ọkùnrin kan ń fi fóònù ya fídíò, ó ń pariwo pé ìgbéyàwó ọmọ òun ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń pè: "Kápítéènì, àwọn yòókù mà ti gbéra." Ìwọ rèé, tí ilé iṣẹ́ kan náà fowó rán lọ kọ́ irú bàálù yẹn lókè òkun, tí o sì tọwọ́ bọ̀wé pé o ò ní kúrò níbẹ̀ fún ọdún báyìí. Ṣé ẹnu rẹ á gbà á láti sọ pé "A ò lọ"? Má tíì dáhùn. O ò lè sọ fún ìyá rẹ pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀.

Awakọ̀ kan wà tí kò sọ pé "A ò lọ." Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 2006, bàálù ilé iṣẹ́ ADC gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Sókótó nígbà tí ìjì ń jà. Kò pẹ́ tó gbéra tó fi já. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tó kú. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, ìpinnu awakọ̀ láti gbéra nínú ojú ọjọ́ tó ti mọ̀ pé kò dára ni wọ́n tọ́ka sí.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lóṣù Karùn-ún, bàálù Kenya Airways gbéra lóru nínú òjò ní Douala. Èèyàn 114 ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kankan kò yè. Ọ̀gá jẹ́ ẹni ọdún 52, igbákejì jẹ́ ọmọ ọdún 23. Ọ̀gá rò pé ẹ̀rọ ti ń dá bàálù wà, ẹ̀rọ náà kò sì sí lẹ́nu iṣẹ́. Bàálù ń rọra dà sápá ọ̀tún. Ìwádìí ní ọ̀gá jẹ́ ẹni tó le mọ́ni, igbákejì sì jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ ilé ti bà ọ́ jẹ́, àbúrò. A kọ́ ọ pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí o dákẹ́. Bí àgbà bá ṣì í, kí o fi ọgbọ́n sọ ọ́. "Ẹ má bínú sà, bóyá kí ẹ tún bá wa wo apá ọ̀tún..." Bàálù á ti balẹ̀ sígbó kí o tó sọ "sà" tán. Àga ọ̀tún ni wọ́n ti ń yọ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn kúrò lẹ́nu èèyàn. Ẹni tí kò bá tíì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ rí pé "Ẹ dúró," tí ọ̀gá sì dúró, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí àyà igbákejì tirẹ̀ ṣe ń já kó tó lanu?

Bí o bá ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dúdú ni mò ń sọ, ó yá, ká lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 2009, bàálù Colgan já nítòsí Buffalo, èèyàn 50 sì kú. Wákàtí 111 péré ni kápítéènì náà ti fi ṣe ọ̀gá nínú irú bàálù yẹn. Nígbà tí bàálù kìlọ̀ fún un pé eré òun ti dín jù, ó fa ọwọ́ ìdarí rẹ̀ sẹ́yìn, síwájú ló yẹ kó tì í. Ìyẹn ló bí òfin tuntun níbẹ̀: igbákejì pàápàá gbọ́dọ̀ ní wákàtí 1,500, ẹni tó bá sì fẹ́ dé àga òsì gbọ́dọ̀ ti lo wákàtí 1,000 lẹ́nu iṣẹ́ bàálù akérò. Ní 2023, ìlà kẹrin ti wà nílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ bàálù United tí ọ̀pọ̀ igbákejì ní àwọn ò gbà. Wọ́n gbọ́n ni. Kápítéènì tuntun ni àbíkẹ́yìn láàárín àwọn kápítéènì: òun ni wọ́n ń pè lójijì, òun ló ń fò lọ́jọ́ Kérésì, nígbà tí igbákejì tó ti pẹ́ ń ṣa ọjọ́ tó wù ú. Ìyá rẹ rò pé òun á máa rí ọ lọ́jọ́ ọdún!

Kì í ṣe ọjọ́ orí ni mò ń bá jà o. Yared Getachew, tó wa bàálù Ethiopian tó já lóṣù Kẹta 2019, jẹ́ ọmọ ọdún 29, ó sì ti fò ju wákàtí 8,000 lọ. Ẹ̀rọ tí Boeing fi sínú bàálù náà ló ń ti imú rẹ̀ sísàlẹ̀. Mi ò sì ní kí o hewú sápá ọ̀tún. Ẹni tó bá pẹ́ jù níbẹ̀ lè sọ ọ́ di àṣà pé ẹlòmíràn ni kó máa pinnu fún òun.

Ìdájọ́ mi rèé, kí ìyá rẹ pẹjọ́ bó bá fẹ́: ọyẹ́ méjì àti òjò méjì, lápá ọ̀tún. Kí o ti wà níbẹ̀ rí nígbà tí ọ̀gá yí bàálù padà nítorí òjò dí ibi tí ẹ ń lọ. Kí o ti sọ "Ẹ má lọ" fún àgbà rí, lóhùn tó dá ṣáká. Bí ìwọ̀nyí bá pé, lọ bèèrè ìlà kẹrin. Bí wọn kò bá tíì pé, tí wọ́n sì fi lọ̀ ọ́ nítorí pé àga ṣófo, mo bẹ̀ ọ́, má gbà á.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Bàrígà.