Ẹ Wo Oníkápẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Ń Yìn!

Èmi ò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Houston yìí kò tóbi tó bí ẹ ṣe rò; tí ẹ bá húkọ́ ní Alief, wọ́n á ti máa kí yín pẹ̀lẹ́ ní Katy kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ti kọjá ohun tí àgbà ń fọwọ́ bo ẹnu wò.

Gbogbo yín lẹ mọ oníkápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní olè káàkiri òde àríyá. Kí ló ṣe? Ẹ rántí òtútù burúkú tó mú gbogbo Texas ní oṣù Kejì ọdún 2021, tí iná lọ, tí omi dì nínú páìpù, tí páìpù sì ń bẹ́ nínú ògiri káàkiri. Omi dà sílé ìyá kan, ó gba yàrá mẹ́ta. Arákùnrin yìí gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi dé, ó gbé fáànù ilẹ̀ mẹ́fà dé, ó sì gbé ẹ̀rọ ńlá méjì tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ dé. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń kùn nínú ilé. Nígbà tí ìwé owó jáde, ó ka fáànù kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, ó ka ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Ó fi ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin díwọ̀n ibi tó ti fa omi àti ibi tó ti tú fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ó tún fi owó òru lé e, nítorí pé aago méjì òru ni wọ́n jí i.

Ìyá figbe ta. "Fáànù lásán! Ṣé èmi ò ní fáànù nílé ni?" Kí ọjọ́ Ìsinmi tó kò, ọ̀rọ̀ ti dé ìjọ mẹ́ta.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti èyí tí wọ́n ń yìn. Àbí ẹ rò pé a ò gbọ́ ni?

Èyí tí àwọn ìyá ìjọ ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn, tí wọ́n ń sọ pé ọmọ dáadáa ni, pé kò fẹ́ràn owó. Bí ó ṣe ń gba owó yàrá tí ọmọdé da Fanta sí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe gba owó yàrá tí omi ìjì Harvey wọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Ẹ ṣáà rántí ọdún náà: òjò rọ̀ títí, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti Addicks àti Barker tún gorí rẹ̀. Ọmọ dáadáa ò wo ìyẹn. Yàrá kan, iye báyìí. Bó bá di mẹ́ta, ó yọ díẹ̀ kúrò. Ó fi ẹ̀rọ ìfọkápẹ́ẹ̀tì fa omi ojú rẹ̀, ó fín nǹkan olóòórùn dídùn sí i, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣí fèrèsé, á gbẹ."

Ṣí fèrèsé! Ní Houston! Nínú oṣù Kẹjọ, tí afẹ́fẹ́ ìta rin ju aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún sórí okùn lọ!

Kò tilẹ̀ gbé etí kápẹ́ẹ̀tì náà sókè wò. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ sì ti mu omi yó, igi ìsàlẹ̀ ògiri náà ti mu tiẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé láàárín wákàtí 24 sí 48, èbu lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Èyí tó tiẹ̀ wá burú jù ni irú omi tó jẹ́. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní IICRC, àwọn ló ṣe ìwé ìlànà S500 fún àwọn oníṣẹ́ yìí, láti ọdún 1994 ló ti wà. Ìwé náà pín omi sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni omi mímọ́ tó tinú páìpù jáde. Èkejì ni èyí tí ìdọ̀tí ti wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń jáde lára ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ̀kẹta ni omi ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi àgbàrá tó gba ìta wọlé. Bí èkíní bá pẹ́ nílẹ̀, ó lè di èkejì. Bí èkejì náà bá pẹ́, kò ní sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹ̀kẹta mọ́.

Kápẹ́ẹ̀tì tí omi ẹ̀kẹta bá wọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, wọn kì í fọ̀ ọ́. Wọ́n á gé e ni, wọ́n á ká a, wọ́n á kó òun àti fóòmù rẹ̀ dà nù. Ọmọ dáadáa fọ̀ ọ́! Ó tún já rìsíìtì fún wọn! Ọmọ ọwọ́ sì ń rá kiri lórí rẹ̀.

Nígbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀, tí ìsàlẹ̀ ògiri ń dúdú, wọ́n pè é padà. Ó ní kò sí wàhálà, òun á fi bílíìṣì nù ún, kí wọ́n ṣáà wá owó díẹ̀ sí i. Ẹ gbọ́, òfin Texas ní bí ibi tí èbu gbà bá ti tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 25 lójú kan, ẹni tó bá fẹ́ gba owó láti mú un kúrò gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì. Láísẹ́ńsì wo ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ àbàwọ́n Fanta? Ògiri ni wọ́n padà gé. Ẹ ò wá gbọ́ kí ìyá ìjọ kankan pe ìyẹn ní olè.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ "olè" wa. Àràárọ̀ ni ó ń fi ẹ̀rọ ìwọ̀n gún ògiri àti ilẹ̀, tó ń kọ nọ́ńbà tó bá rí sílẹ̀. Ìyá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣe bíi dókítà. Ọjọ́ tí nọ́ńbà ibi tó rin bá ti ibi tó gbẹ dọ́gba ló kó ẹrù rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú fọ́tò tó yà ni inṣọ́ránsì wò tí wọ́n fi sanwó, torí omi páìpù tó ṣàdédé bẹ́ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni mo rí lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì ní gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn: kò sọ iye tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ lóòjọ́ kó tó ti iná bọ̀ ọ́. Ẹni tí omi lé sórí bẹ́ẹ̀dì láago méjì òru, ó yẹ kí ó fi ìwé hàn án, kó bu ọwọ́ lù ú. Àìsọ̀rọ̀ ló sọ iṣẹ́ gidi di ìwà olè lójú aráyé.

Ṣùgbọ́n olè gidi ń bẹ, ẹ má tan ara yín jẹ. Èyí tó jẹ́ pé kò ì tíì bọ́ bàtà, kò ì tíì wo omi, ohun tó kọ́kọ́ bi yín ni, "Ṣé ẹ ní inṣọ́ránsì?" Ojú yín ló fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ilẹ̀ ti gbẹ, fáànù ṣì ń yí, nítorí ẹnì kan níbì kan ló ń sanwó. Á ní kí ẹ fara balẹ̀, òun á bá yín bá inṣọ́ránsì sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni òfin Texas ò gbà kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ilé tún máa ṣe alágbàsọ owó ilé ọ̀hún. Nígbà Harvey, àwọn kan tilẹ̀ ń kọ́ onílé ní irọ́: "Ẹ sọ pé páìpù ló bẹ́." Wọ́n mọ̀ pé inṣọ́ránsì ilé lásán kì í sanwó àgbàrá. Ètò ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti ọdún 1968 ló ń san án, dọ́là 250,000 ló pọ̀ jù fún ilé, 100,000 fún ẹrù inú rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á á dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí ò rà á, irọ́ ni wọ́n tà fún un.

Ẹ̀yin oníbàárà náà ńkọ́? Ẹ má wojú mi. Alàgbà kan tó ń darí àdúrà ní kí oníkápẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń pè ní olè "bá òun wá ọgbọ́n sí i," kí owó tó yẹ kí òun kọ́kọ́ fà yọ lápò ara òun kó wọ inú ìwé owó inṣọ́ránsì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ni Texas ti sọ ọ́ di ọ̀ràn fún oníṣẹ́ tó bá ṣèlérí irú ẹ̀. Oníkápẹ́ẹ̀tì kọ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí Alàgbà wí? Ó ní ọmọ yẹn ò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run, kò ran ará lọ́wọ́!

Háà, ojú ń rí! Ẹni tó díwọ̀n omi, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì kọ̀ láti purọ́, òun ni ìkà. Ẹni tó fọ ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, òun lọmọ dáadáa, torí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí: ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, kí gbogbo ẹni tí ọmọ dáadáa bá fọ kápẹ́ẹ̀tì nígbà Harvey nawọ́ sókè, kó sọ iye tó san fún un, kó sì sọ iye tó fi tún ògiri ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ ó rí i pé kò sẹ́ni tí yóò gbé ìka sókè, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lórí fóònù gbogbo wọn.