Kéèkì Láfún

Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Mímọ̀ tí mo mọ èyí ló kó bá mi.

Ìyàwó mi ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní celiac. Ìgbà tó ń kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn dókítà rí i. Bí àlìkámà tàbí ọkà báálì bá ti wọ inú rẹ̀, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìfun rẹ̀ jà. Búrẹ́dì, sẹmó, ṣíńṣín, èèwọ̀ ni gbogbo wọn. Àìsàn òyìnbó ni mo máa ń pè é tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo kà nípa àyẹ̀wò kan tó jáde lọ́dún 1999: lára àwọn ọmọ Sahrawi, ní aṣálẹ̀ Áfíríkà níbí, ó lé ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó ní in. Mo panu mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀, mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ṣé Lọ́kọ́jà, tí ẹ̀gẹ́ yí ká, la ó ti máa wá kéèkì tí kò ní àlìkámà tì? Mo tiẹ̀ ní ká ra búrẹ́dì ẹ̀gẹ́, irú èyí tí ìjọba Ọbásanjọ́ ní kí àwọn oníbúrẹ́dì máa ṣe. Ó bi mí pé báwo ni ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba ní kí wọ́n fi sí i. Àlìkámà ni àádọ́rùn-ún tó kù.

Mo bá gba ọjà lọ fúnra mi. Láfún ni mo rí, ó funfun báláú. Ìyá tó ń tà á ní, "Alàgbà, àlejò mélòó lẹ ní?" Mo ní kéèkì ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó wò mí títí, ó wọ̀n ọ́n fún mi, ó wá fi èènì tó pọ̀ sí i. Bóyá àánú mi ló ṣe é.

Ẹni tó bá mọ láfún á ti máa rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan, kí wọ́n tó sá a. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó yẹ kéèkì kì í rí omi bẹ́ẹ̀: wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì tètè gbẹ ẹ́ kó tó kan. Èmi da bọ́tà, ṣúgà àti fànílà lé láfún lórí. Bí mo ṣe ṣí ààrò, aládùúgbò wa nahùn láti ojú fèrèsé: "Ẹ kú iṣẹ́ àmàlà o! Ọbẹ̀ wo lẹ sè?"

Ìbàdàn ni mo ti ní kí wọ́n fi ojúlówó ìyẹ̀fun ránṣẹ́. Torí pé kò ní gluten, èròjà inú àlìkámà tó ń bá ìyàwó mi jà, tó sì ń mú kéèkì dì mọ́ra, mo fi ẹyin kún ẹyin. Ó wú, ó pọ́n, ó ń ta sánsán. Ìyàwó mi yí i dojú dé, ó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀.

"Dádì, kí lẹ wọ́n sínú páànù?"

Fláwà ni. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kí kéèkì má baà lẹ̀. Mo ní ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni. Òun ló wá sọ fún mi pé kí wọ́n tó lè pe oúnjẹ kan ní aláìní gluten, gluten inú kílò kan rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 20 mílígíráàmù lọ, bí ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex ṣe wí. Àwọn ọmọ ló jẹ kéèkì náà. Wọn ò fi èérún sílẹ̀.

Màsà ló gbà wá. Mo gbé ìrẹsì tèmi lọ bá ìyá onímàsà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi fláwà kí i bó bá ṣàn jù, ilé wa la sì ti lọ̀ ọ́. A tò ó léra, a fi àbẹ́là sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí kò kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e wá sí Lọ́kọ́jà. Ẹ má ṣáà lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ àlìkámà.