Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọ̀mọ̀wé

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò jókòó níbi sẹ́mínà yunifásítì rí. Ká ní ó ti gbọ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà tó ń gba másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn ni, ì bá ti fi gbólóhùn kẹta kún un, níbi tí ọmọlúàbí ti ń yọ́ aago wò.

Nílé Yorùbá, àbọ̀ ọ̀rọ̀ nídìí. Ìyá yóò wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú àlejò, ọmọ á sì mọ̀ pé kí òun kúrò nídìí àwo ẹran. Ṣùgbọ́n kí wíwò yẹn tó lè ṣiṣẹ́, ìyá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ odindi ọ̀rọ̀ nípa àwo àlejò, ó sì ti fi pàṣán tì í lẹ́yìn nígbà mìíràn. Odindi ló ṣáájú àbọ̀. Ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti yí òwe náà po nìyí: wọ́n gbé àbọ̀ jáde, wọ́n ti odindi mọ́ inú yàrá ìwádìí, wọ́n wá ń wò wá bíi pé ilé la ò ti kọ́ ẹ̀kọ́ wá.

Ẹ jẹ́ ká yà sí gbọ̀ngàn sẹ́mínà kan. Mi ò ní dárúkọ yunifásítì. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí ti mọ ibi tí mò ń wí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà lórí àga iwájú. Lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dúró lórí ara wọn, omi oníke wà nínú páálí, ọmọbìnrin kan sì ń ka ṣíbí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ti sá sókè sá sódò nítorí kúlà wọ̀nyí. Ó bá ìyá olóńjẹ dúnàádúrà, ó wádìí bóyá ọ̀gá ẹ̀ka máa ń jẹ ata, nígbà tó sì gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò dán an wò láti yunifásítì mìíràn ń bọ̀ fúnra rẹ̀, ó fi tòlótòló rọ́pò adìyẹ. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ńkọ́? Ìyẹn rọrùn. Ó ṣí ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ lóru, ó ń gé e, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ síláìdì títí àkùkọ fi kọ.

Ìwádìí rẹ̀ kò burú rárá. Ó sun èèpo ẹ̀gẹ́ di èédú, ó da omi tí òjé wà nínú rẹ̀ sórí èédú náà, òjé lẹ̀ mọ́ èédú, omi tó jáde sì mọ́ ju èyí tó wọlé lọ. Òjé kì í ṣe ohun àmúṣeré. Lọ́dún 2010, òjé tó tú jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wá góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó ń ka ṣíbí pàápàá á dáwọ́ dúró.

Kò fi bẹ̀rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí wa, ó dojú kọ ògiri, ó ń kàwé: Langmuir isotherm, Freundlich isotherm, pseudo-second-order kinetics. Ó dé orí tábìlì kan tí nọ́ńbà kún bámúbámú, tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. “Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń rí i,” ló wí. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Iná pupa tó fi ń tọ́ka ń gbọ̀n lára ògiri, gbogbo orí sì ń mì pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀, tó fi owó gàrí rán an níwèé, wà lẹ́yìn pátápátá nínú lèèsì àwọ̀ wúrà. Ó gbọ́ Manihot esculenta títí, ó ń ṣe àmín sí i, kò mọ̀ pé èèpo tí òun ń kó dà sí àkìtàn láàárọ̀ ni wọ́n ń kì.

Nígbà tí àkókò ìbéèrè tó, ọ̀jọ̀gbọ́n kan bi í léèrè ìdí tí àlàfo ojú ewé kan fi fẹ̀ ju ti ìkejì lọ. Òmíràn ní kó lọ tún àmì ìdánudúró inú àkójọ ìwé tó lò ṣe. Wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n ṣí kúlà.

Ẹ má dá ọmọ náà nìkan lẹ́bi. Ọ̀gá tó tọ́ ọ sọ́nà ti sọ fún un ní gbangba pé bí ọ̀rọ̀ bá yé gbogbo ayé, wọ́n á ní kò jinlẹ̀. Àwa tí a jókòó náà ńkọ́? Òwe àbọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dẹ́rù bà wá. Ẹni tó bá nawọ́ pé “ẹ jọ̀ọ́, kò yé mi” ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò di odindi nínú òun, a sì mọ irú ẹni tí ìyẹn ń bá wí. Kí ojú má baà tini, a mi orí.

Orí mímì yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1970, àwọn olùwádìí kan mú òṣèré kan tó ń jẹ́ Michael Fox, wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀mọ̀wé Myron L. Fox, wọ́n ní kó wá bá àwọn oníṣègùn ọpọlọ àti àwọn olùkọ́ni sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n ń pè ní game theory. Fox kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa tako ara rẹ̀, tí yóò máa dá àpárá, tí yóò sì máa sọ ohun tí kò ní láárí pẹ̀lú ìdánilójú. Àwọn tó gbọ́ ọ gbóríyìn fún un gan-an. Ẹnì kan tiẹ̀ ní òun ti ka àwọn ìwé rẹ̀ rí. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ! Àwọn olùwádìí náà gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1973. Wọn ò fún àwọn ènìyàn yẹn ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ o, òfìfo ni wọ́n bù fún wọn, ó sì di odindi nínú wọn. Lọ́dún 2005, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ yọ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀ pátápátá: wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan, SCIgen, tó ń hun àpilẹ̀kọ sáyẹ́ǹsì aláìnítumọ̀, wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àpérò kan, àpérò náà sì gbà á.

Títí dé ibí, ẹ̀rín ni. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2003, ọkọ̀ òfurufú Columbia gbéra lọ sí gbangba òfurufú pẹ̀lú ènìyàn méje. Bó ti ń lọ sókè, fóòmù kan já kúrò lára àgbá epo rẹ̀, ó sì gbá ìyẹ́ apá òsì. Àwọn ẹnjiníà ní láti sọ fún àwọn ọ̀gá ní NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ni ọkọ̀ náà, bóyá ewu wà níbẹ̀. Síláìdì ni wọ́n fi dáhùn. Àkọlé ọ̀kan nínú wọn fini lọ́kàn balẹ̀: àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ fi hàn pé ìṣirò wọn ti fi àyè ìṣọ́ra sílẹ̀. Lábẹ́ àkọlé, kókó wà. Lábẹ́ kókó, kókó kéékèèké. Ọ̀rọ̀ kan náà, significant, jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tó túmọ̀ sí nínú èyíkéyìí. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ti rẹni, ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé fóòmù tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò jẹ́ ínṣì oníhàmẹ́ta 3, èyí tó gbá ọkọ̀ sì jẹ́ 1,920. Ẹyọ ẹ̀pà kan ni wọ́n fi dán an wò. Iṣu ló gbá a.

Ọmọlúàbí ni àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn. Wọ́n gbọ́ àbọ̀, ó sì di odindi nínú wọn lóòótọ́: odindi “kò séwu”. Ohun tó wà lọ́kàn olùgbọ́ tẹ́lẹ̀ ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń lọ bá, ìyẹn ló sì máa ń fi ara rẹ̀ kún. Àwọn ẹnjiníà kan bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ya àwòrán ìyẹ́ náà, ẹ̀bẹ̀ wọn kò wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, Columbia fọ́ sí wẹ́wẹ́ lókè Texas, àwọn méjèèje kú. Síláìdì kọ́ ló pa wọ́n, fóòmù ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ olùwádìí gbé ìròyìn wọn jáde lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, síláìdì yẹn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lu àṣà fífi síláìdì rọ́pò odindi ìwé àlàyé.

Àwọn kan ti ń wá àtúnṣe. Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà dá ìdíje kan sílẹ̀ lọ́dún 2008: ìṣẹ́jú mẹ́ta, síláìdì kan tí kò gbọ́dọ̀ mira, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ṣàlàyé iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ara wọn. Wọ́n ní àpilẹ̀kọ ọlọ́rọ̀ 80,000 á gba wákàtí mẹ́sàn-án bí a bá fẹ́ kà á síta. Àwọn àgbà kan ní eré ọmọdé ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà yìí kan náà ló ń ráhùn pé ìjọba kì í fowó sí ìwádìí àwọn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ni àpò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí à ń wí ná.

Àwọn aláṣẹ wa náà kò káwọ́ gbera. Wọ́n ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí lórí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kó yéni; ẹni tó bá fẹ́ wá á sanwó. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ a ki ara rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, a ṣí síláìdì tí kò lópin, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀: stakeholder, paradigm, synergy. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ nawọ́ sókè pé òun fẹ́ mọ ohun tí synergy jẹ́. Wọ́n ní kó fi ìbéèrè pamọ́ di ìgbà tí wọ́n bá jẹun tán. Wọ́n jẹun tán, wọ́n pín sátífíkéètì, wọ́n ya fọ́tò, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ sì wọkọ̀ lọ sí yunifásítì tó kàn.